Nígbà tí ìṣọ́ra bá di ìnira: ìwà àbímọ́ni, wáswás àti àwọn ọmọ wa ní yunifásítì

Ọmọ tó ń fara balẹ̀ ṣe nǹkan jẹ́ ìdùnnú òbí. Kì í fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ falẹ̀, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, kì í sì í kánjú ṣe àlùwàlá. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ yunifásítì, ọkàn wa máa ń balẹ̀ pé kò ní ṣìnà.

Ṣùgbọ́n láàárín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, a máa ń rí àwọn kan tí ọ̀rọ̀ wọn ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àlùwàlá tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ á di ìdajì wákàtí. Omi garawa kan á tán, wọn á tún lọ pọn òmíràn. Wọn á kábárà ìrun, wọn á já a, wọn á tún kábárà. Nínú gbọ̀ngán ìdánwò, wọn á ka ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọn á pa ìdáhùn rẹ́, wọn á tún un kọ, títí àkókò á fi tán. Àwọn ará ilé á ní ọmọ náà bẹ̀rù Ọlọ́hun ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì á ní àṣejù ló ń ṣe. Ẹlòmíràn á ní àlùjànnú ló ń dà á láàmú. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ló ń ba òun, pé ó sì ti sú òun.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn òbí àti àwọn ọmọ wa. Ìwà ìṣọ́ra kì í ṣe àìsàn. Àìsàn tí a fẹ́ sọ yìí náà kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Àmọ́ ìwà ẹni lè jẹ́ ilẹ̀ tí àìsàn náà ti rọrùn láti hù. Bí a bá mọ ohun tó ń bomi rin ín, a ó mọ bí a ṣe lè ran ọmọ wa lọ́wọ́.

Kí ni àìsàn náà gan-an?

Àwọn dókítà ń pè é ní OCD. Nǹkan méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni èrò tó ń já wọ inú ọkàn láìjẹ́ pé ẹni náà pè é, tó sì ń padà wá bó ti wù kí ó lé e tó: pé ìdọ̀tí ti kàn mí, pé mi ò ti ilẹ̀kùn, pé mo lè ṣe ẹnì kan léṣe, pé ohun tó wá sí mi lọ́kàn nípa Ọlọ́hun ti sọ mí di kèfèrí. Èkejì ni ohun tí ẹni náà ń ṣe láti fi pa ìbẹ̀rù yẹn: kó fọwọ́, kó padà lọ wo ilẹ̀kùn, kó tún ìrun kí, kó máa ka nǹkan lọ́kàn, kó máa béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ara á tù ú díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí iyèméjì á tún dé, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tó bá padà lọ wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ló ní àìsàn yìí. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2013, sọ pé èrò àti àṣetúnṣe náà ní láti máa gba àkókò, bí àpẹẹrẹ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, tàbí kí ó máa fa ìnira ńlá, tàbí kí ó máa dí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti àjọṣe ẹni lọ́wọ́. Nínú 100 ènìyàn, bí i 2 tàbí 3 ni yóò ní in nígbà kan láyé wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà èwe tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ wa fi ń wọ yunifásítì bọ́ sí àárín ìgbà yìí gan-an.

Èrò burúkú kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni

Ohun tó máa ń já ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láyà jù ni pé wọ́n rò pé àwọn nìkan ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ méjì, Rachman àti de Silva, ṣe ìwádìí tó fi hàn pé àwọn ènìyàn tí kò ní àìsàn kankan náà máa ń ní èrò tó jọ ti àwọn aláìsàn. Ní ọdún 2014, ìwádìí mìíràn jáde tí wọ́n ṣe láàárín akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 777 ní orílẹ̀-èdè 13. Àwọn tó lé ní 90 nínú 100 ló sọ pé, láàárín oṣù mẹ́ta tó ṣáájú, ó kéré tán èrò kan tí àwọn kò fẹ́ ti já wọ ọkàn àwọn.

Bí èrò náà bá wá bá gbogbo wa, kí ló dé tí ó fi ń di àìsàn fún àwọn kan? Ìtumọ̀ tí ẹni náà fún èrò ọ̀hún ni. Ẹnì kan á ní, "Kí ni mo ń rò yìí ná?" á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn á ní, "Bí mo ṣe rò ó yìí, àfi kí n jẹ́ ènìyàn burúkú." Yóò wá máa fi gbogbo agbára lé èrò náà. Lílé gan-an ló sì ń pè é padà. Ní ọdún 1987, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Daniel Wegner, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ronú nípa béárì funfun rárá. Wọn kò lè ṣe é. Béárì funfun náà ń padà wá sí wọn lọ́kàn ṣáá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹranko tí kò kan ẹnikẹ́ni, ẹ wo bí yóò ti rí fún èrò tó kan ẹ̀sìn tàbí òbí ẹni.

Irú ìwà wo ló ń sún mọ́ ọn?

Àwọn tó ń kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá sábà máa ń pín ìwà sí ọ̀nà márùn-ún: bí ọkàn ènìyàn ṣe tètè ń dàrú sí, bó ṣe ń yá mọ́ àwùjọ sí, bó ṣe ń fẹ́ ohun tuntun sí, bó ṣe ń bá ènìyàn rẹ́ sí, àti bó ṣe ń fara balẹ̀ ṣe ojúṣe rẹ̀ sí. Kò sí ẹni tí kò ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Nínú márùn-ún yìí, ti àkọ́kọ́ ni ìwádìí fi hàn jù pé ó bá OCD rìn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tètè ń dàrú, tí ìbẹ̀rù àti àbámọ̀ kì í tètè kúrò lára rẹ̀, ló sún mọ́ ọn ju ẹni tí nǹkan kì í pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́ àwùjọ. Ti ìfarabalẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni gbòǹgbò àìsàn yìí, ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀ lásán kì í sọ ènìyàn di aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn kí tábìlì rẹ̀ wà létòlétò, tí inú rẹ̀ ń dùn sí i, tó sì ń parí iṣẹ́ rẹ̀ lákòókò, kò ní àìsàn kankan. Ìyàtọ̀ ni pé inú ẹni tó ní OCD kì í dùn sí ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, ó fẹ́ dáwọ́ dúró, kò sì rí i ṣe.

Àwọn ọ̀nà ìrònú mẹ́rin kan tún wà tí àwọn onímọ̀ kíyè sí pé wọ́n máa ń bá àìsàn náà rìn. Èkíní, kí ènìyàn máa di ẹrù ohun gbogbo lé ara rẹ̀ lórí, bíi pé bí aburú kan bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, òun ni kò dènà rẹ̀. Paul Salkovskis, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé èyí láti ọdún 1985. Èkejì, kí ènìyàn máà lè fara da iyèméjì bó ti wù kó kéré tó. Ẹ̀kẹta, kí ó gbà pé ohun tí kò bá pé pérépéré kò wúlò rárá. Ẹ̀kẹrin, kí ó gbà pé kí ènìyàn ro nǹkan àti kí ó ṣe é, ọ̀kan náà ni.

Síbẹ̀, ìwà kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ní irú ìwà yìí tí wọn kò sì ní ṣàìsàn láéláé. Àjogúnbá náà wà níbẹ̀: bí òbí tàbí ọmọ ìyá ẹni bá ní in, ó ṣeé ṣe kí ó yọ lára ẹni ju bó ṣe lè yọ lára ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, kí òbí má máa wá ẹ̀bi kiri, kí ó má sì máa sọ pé àkẹ́bàjẹ́ ló fà á.

Kí ló dé tó fi ń le ní yunifásítì?

Yàtọ̀ sí ọjọ́ orí, ìgbésí ayé ilé ẹ̀kọ́ gan-an ń dá kún un. Ní ilé, ìyá wà nítòsí tó mọ̀ bí ọmọ bá ti ń pẹ́ jù ní bálùwẹ̀. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹni tó ń ka wákàtí fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, omi sì lè má tó. Ẹni tí ẹ̀rù ìdọ̀tí ń bà kò ní rí ìsinmi níbẹ̀. Àìsùn nítorí ìdánwò á tún sọ ọkàn di aláìlágbára. Ọmọ tó ń tẹ̀lé òbí rẹ̀ kírun tẹ́lẹ̀ á wá rí i pé òun fúnra òun ni òun ń jíhìn ìrun òun báyìí. Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n fún ọkàn tó ti ń gbé ẹrù ohun gbogbo, ó lè wúwo.

Ẹ̀sìn kọ́ ló fà á

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀sìn ló kó ọmọ náà sí wàhálà. Irọ́ ni. Ohun tí ènìyàn bá kà sí pàtàkì jù ni àìsàn yìí máa ń gbá mú. Ìyá ọmọ tuntun lè máa bẹ̀rù pé òun á ṣe ọmọ òun léṣe. Ẹni tí kò ní ẹ̀sìn rárá lè máa fọwọ́ títí ọwọ́ á fi bó. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó fẹ́ràn ìrun rẹ̀ ni, inú ìrun ni àìsàn náà á gbà wọlé.

Ẹ̀sìn wa sì ti ń kọ̀ fún àṣejù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, ìwọ̀n omi mudu kan, tí kò tó lítà kan, ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe àlùwàlá. Ó fi hàn pé fífọ oríkèé kò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, pé ẹni tó bá lé e ti ṣe àìdáa. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí ìrun pé bóyá afẹ́fẹ́ ti jáde lára òun, Ànábì ní kó má kúrò lórí ìrun àfi tó bá gbọ́ ìró tàbí tó gbóòórùn. Láti inú èyí ni àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti fa òfin ńlá kan yọ: iyèméjì kì í mú ìdánilójú kúrò.

Ti èrò burúkú nípa Ọlọ́hun ńkọ́? Àwọn sàhábà kan wá bá Ànábì, wọ́n ní ohun kan ń wá sí àwọn lọ́kàn tó wúwo débi pé àwọn kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Kò bá wọn wí, kò sì lé wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí ó ṣe wúwo lára wọn yẹn gan-an ni àmì ìgbàgbọ́ tó hàn kedere. Ó wà nínú Sahih Muslim. Ẹ ka èyí sí etí ọmọ yín tó bá ń sunkún pé òun ti kúrò nínú ẹ̀sìn.

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ sì mọ̀ pé wáswás, èyí tí a ń pè ní ròyíròyí, lè di ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìlera ara àti ti ẹ̀mí. Ó pín àìlera ọkàn sí mẹ́rin: ìbínú, ìbànújẹ́, ìbẹ̀rù àti wáswás. Ó gba ẹni tí wáswás ń dà láàmú nímọ̀ràn pé kí ó má máa dá wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Malik Badri, ọmọ ilẹ̀ Sudan, ló túmọ̀ apá tó jẹ mọ́ ẹ̀mí nínú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn rèé. Kò yẹ kí àwa tí a wà láyé lónìí máa sọ pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ kò sí láàárín Mùsùlùmí.

Ohun tó ń bomi rin ín

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó báyìí. Ọmọ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù: "Mọ́mì, ṣé àlùwàlá mi pé báyìí?" Ìyá ní, "Ó pé, ọmọ mi." Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé, fóònù tún dún: "Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú?" Ìfẹ́ ni ìyá fi ń dáhùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dáhùn ni ọpọlọ ọmọ ń kọ́ pé òun kò lè wà láyé láìjẹ́ pé iyèméjì òun kúrò tán pátápátá. Lọ́la, ìpè márùn-ún á di mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń ti ọ̀dọ̀ ààfáà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, tàbí ẹni tó ń wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di ààjìn. Ìdáhùn kò ní wọn. Ara wọn ni kò gba ìdáhùn.

Ìdí nìyí tí "má rò ó mọ́" àti "àṣejù baba àṣetẹ́" kì í fi í ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ti mọ̀ pé àṣejù ni. Ìtìjú nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á fi kún ẹrù rẹ̀.

Ìtọ́jú wà

Ní ọdún 1966, Victor Meyer ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn ìtọ́jú tó ṣe fún aláìsàn méjì kan. Ó jẹ́ kí wọ́n dojú kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti má ṣe àṣetúnṣe wọn. Láti ibẹ̀ ni ìtọ́jú tí a mọ̀ sí ERP ti dàgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe àlùwàlá ní ìdajì wákàtí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ike omi kékeré kan. Yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, yóò sì lọ kírun pẹ̀lú iyèméjì náà lọ́kàn láìpadà sẹ́yìn. Ẹ̀rù á bà á gan-an lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá dá ẹ̀rù náà lóhùn, á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tí ìtọ́jú yìí ní kí ó dẹ́ṣẹ̀ sí. Ṣe ló ń dá a padà sí ìwọ̀n tí ẹ̀sìn fi lélẹ̀.

Oògùn náà wà, bíi fluoxetine àti sertraline. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ènìyàn tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà kí ẹ má tètè sọ̀rètí nù. Ẹ má rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì, ẹ má sì dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà.

Ibo ni kí ẹ lọ? Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ọmọ yín, kí wọ́n kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ bá dókítà ọpọlọ. Ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, Arò wà ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Yaba, ní Èkó. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Bí ọmọ bá ń sọ pé ó wu òun kí òun kú, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Àdúà àti kíka Kùránì kò tako ìtọ́jú. Ohun tó lòdì ni kí wọ́n na ọmọ, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ebi pa á ní orúkọ àlùjànnú.

Ohun tí ilé lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó fèsì. Ẹ fi orúkọ àìsàn náà pè é, kó lè mọ̀ pé àìsàn ni, pé kì í ṣe òun.

Ẹ má yin àṣejù rẹ̀ bí ìfọkànsìn, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀.

Bó bá béèrè bóyá àlùwàlá òun pé, ẹ lè sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ọmọ mi, àmọ́ a ti jọ fi àdéhùn sí i pé mi ò ní dáhùn ìyẹn mọ́. Lọ kírun rẹ." Ẹ jọ ṣe àdéhùn yìí pẹ̀lú ọmọ ní àsìkò tí ara rẹ̀ balẹ̀, kó má dà bíi pé ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yan ààfáà kan ṣoṣo tó mọ òfin ẹ̀sìn dáadáa, tó sì gbà pé àìsàn ni. Kí ó fún ọmọ ní ìdájọ́ kan: ṣe é lẹ́ẹ̀kan, má tún un ṣe. Kí ọmọ má tún béèrè níbòmíràn.

Ìwọ ọmọ wa tó ń ka èyí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó o sì rí ara rẹ nínú rẹ̀, kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń ṣe. Èrò tó ń dà ọ́ láàmú kì í ṣe ìwà rẹ, Ọlọ́hun kò sì ní bi ọ́ léèrè ohun tó kàn já wọ ọkàn rẹ tí o kò sọ, tí o kò sì ṣe. Sọ fún ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí: òbí rẹ, ọ̀rẹ́ tó ṣeé finú hàn, tàbí dókítà ilé ẹ̀kọ́ rẹ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìlera ara àti ìbàlẹ̀ ọkàn, kí Ó sì jẹ́ kí ìjọ́sìn wọn jẹ́ ìsinmi fún wọn. Àmín.